Ọwọ́ Tí Mosún Fi Yí Ẹnu Àmù

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohùn mi kò rinlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gba iwájú ilé yìí kọjá sì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní kí n wá sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tiwa. Ìgbà tiwa wo? Ìgbà tiwa kò tíì tán, mo ṣì ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ wá láti Ìlọrin, ẹ wá láti Ìbàdàn, àwọn mìíràn nínú yín wá láti yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ kó sínú ilé yìí ní Ìṣíkàn láti ya àwòrán, láti kọ ìwé, láti mọ amọ̀. Wọ́n fún yín ní yàrá, wọ́n ń fún yín lóúnjẹ, bí iná bá lọ jẹnẹrétọ̀ á dáhùn. Ẹ ní rẹ́sídẹ́ńsì lorúkọ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sùn nílé onílé nítorí iṣẹ́ ọnà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Mosúnmọ́lá, Mosún la máa ń pè é. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. N kò lè gba ọ̀nà tààrà débẹ̀, nítorí ìrántí àgbà dà bí ewúrẹ́ tó já okùn, ibi tó bá wù ú ló ń gbà. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé mi.

Oǹdó ni wọ́n ti bí mi, ní Òkè-Lísà. Bí mo bá fi ohùn Oǹdó sọ ìtàn yìí, ẹ̀yin ará Ìlọrin á ní kí n dúró kí ẹ wá ògbufọ̀, nítorí náà mo ń fi Yorùbá tó yé gbogbo wa sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Rẹ̀mí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ ní kó na ọmọ kan nítorí pé ọmọ náà ya ẹyẹ sí síléètì dípò kó ṣe ìṣirò. Màmá Rẹ̀mí wo ẹyẹ náà títí, ó ní òun kò mọ ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹgba náà. Bó ṣe kó ìwé rẹ̀ jáde nìyẹn. Ó lọ sí ọgbà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó gbá abẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ́ ẹní, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú ọmọ bọ̀. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn kan mú ọmọ wọn wá, pàápàá àwọn ọmọ tó ti sú ilé ìwé yòókù.

Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ òwúrọ̀ ilé náà. Rímù mọ́tò àtijọ́ kan la so kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, irin la fi ń lù ú dípò agogo, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ títí dé ìsàlẹ̀ odò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀, ṣá, ṣá, ṣá, àti adìẹ tó ń bínú pé wọ́n lé òun kúrò lórí ẹní. Òórùn kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé gbogbo á ti gba afẹ́fẹ́, ó korò díẹ̀, ó dùn díẹ̀. A ó máa kọrin òwúrọ̀, ìkùukùu á ṣì wà nílẹ̀, a kò ní rí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà, ohùn rẹ̀ nìkan la ó máa gbọ́. Mo máa ń rò nígbà náà pé ìkùukùu fúnra rẹ̀ ló ń bá wa kọrin. Òwúrọ̀ la fi ń kàwé, tí a fi ń ṣe ìṣirò. Tí oòrùn bá ti yẹ̀rí, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù: amọ̀, òwú, koríko, igi, orin. Màmá Rẹ̀mí kì í sọ pé èyí ni ẹ̀kọ́, èyí ni eré. Ó ní ikùn kì í ya iyán sọ́tọ̀ kó ya ọbẹ̀ sọ́tọ̀, kí ló dé tí orí yóò fi yà wọ́n.

Ní ẹ̀yìn ilé ni yàrá àlejò wà, àwọn ọlọ́nà ló ń sùn níbẹ̀. Màmá Rẹ̀mí á gbọ́ pé ẹnì kan wà nílùú báyìí tó mọ ẹní hun, tàbí tó mọ orin ṣe, á ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbé lọ́dọ̀ wa fún sáà kan. Ẹni bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀, ó mọ ohun tí yóò fi pe oníkálukú. Àlejò náà á máa jẹun tiwa, á máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bó bá ń ṣiṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn. Àwa ọmọdé á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa wò ó, a kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ohunkóhun títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn kan tètè máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan á jẹ́ kí a jókòó títí ìdí yóò fi ro wá. Ẹ̀yin, mo rí i pé ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn, ẹ sì ń fi nǹkan dí etí. N kò bá yín wí, kálukú ló mọ ohun tó ń lé.

Àṣà tó wù mí jù níbẹ̀ ni ti ìyókù. Àlejò tó bá ń lọ kì í dágbére, nítorí Màmá Rẹ̀mí kò fẹ́ ẹkún ọmọdé. Kí a tó lu rímù láàárọ̀, á ti gbá yàrá, á ti ká ẹní rẹ̀, á ti lọ. Ohun kan tí kò parí á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyókù nìyẹn, tiwa ni, àwa la ó parí rẹ̀. Obìnrin kan fi ẹní tó ku etí kan sílẹ̀ fún wa. Ọkùnrin kan tó ń ṣe orin fi orin tí kò ní ìlà ìkẹyìn sílẹ̀, a sì jà lórí ìlà náà títí ọdún fi yí, àwọn tó jókòó lápá òsì ń kọ tiwọn, àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún ń kọ tiwọn. Bàbá agbẹ́gi kan láti Ìlárá-Mọ̀kín fi ìjàpá tí kò lẹ́sẹ̀ sílẹ̀. A pín ẹsẹ̀ náà láàárín ara wa, kálukú gbẹ́ tirẹ̀, kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Bí a bá gbé ìjàpá náà kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń tẹ̀ sí bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Màmá Rẹ̀mí gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó sì ń fi í han àlejò.

Ọmọ Ìṣíkàn níbí ni Mosún. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni ọmọ rẹ̀. Òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló fi ń na nǹkan sí àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà náà, kí ọmọ na ọwọ́ òsì sí àgbà, ìyẹn nìkan tó kí wọ́n ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ti lù ú níka nílé ìwé ní Àkúrẹ́ títí ìka náà fi wú. Wọ́n ti fi ata pa á lọ́wọ́. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má run ìgbẹ́, òsì náà ló ń padà sí. Ìgbà tó sú bàbá rẹ̀ ló gbé e wá sí Oǹdó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà.

“Wọ́n ní ọmọ tó bá ti ibòmíràn sá, ọ̀dọ̀ yín ló ti máa ń fara balẹ̀, mà,” bàbá náà ní. “Mo fi í sílẹ̀ fún yín títí Ìkórè. Tí mo bá dé tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, yóò dúró lọ́dọ̀ yín títí yóò fi parí. Tó bá jẹ́ òsì náà ni, màá mú un lọ sílé, yóò gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ọlọ́pàá, kò sì ní fọwọ́ kan amọ̀ tàbí òwú mọ́.”

“Mo gbọ́, sà,” ni Màmá Rẹ̀mí fèsì. Kò sọ pé òun gbà.

Orí ẹní kan náà lèmi àti Mosún ń sùn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù Ìkórè ń bà á. Nílé wa, kò sí ẹni tó bá ọwọ́ rẹ̀ jà, òsì rẹ̀ ń hun, ó ń yà, ó ń gbẹ́, ó sì já fáfá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, á fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, a ó da eérú sílẹ̀, á máa fi ìka ọ̀tún kọ A, B, D. Lẹ́tà rẹ̀ dà bí ibi tí adìẹ ti tàn. Á sunkún, á tún tẹ́ eérú náà, á tún kọ ọ́.

“Mi ò fẹ́ lọ,” ó sọ fún mi. “Ibí nìkan ni mo ti ń sùn tí mi kì í lálàá ẹgba.”

Ìgbà òjò la wà nígbà tí Ìyá Ìjàrẹ dé. Amọ̀kòkò ni, ìlú rẹ̀ la fi ń pè é. Màmá Rẹ̀mí bẹ̀ ẹ́ pé kó mọ àmù ńlá kan fún ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tí a ó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkórè, kí ìjọ máa rí omi tútù mu. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ fún yín, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Ìyá Ìjàrẹ kì í yí àmù, òun ló ń yí àmù ká. Á gbé amọ̀ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po, ọwọ́ ọ̀tún lóde, ọwọ́ òsì nínú, ìró rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, fùú, fùú, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi la ọ̀nà róbótó sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò á máa rọ̀ lórí páànù. Bí a bá wò ó pẹ́, oorun á máa kùn wá, á sì dà bíi pé ìyá náà dúró sójú kan, pé ilé àti àwa àti igi máńgòrò ló ń yí i ká. Mo ti rìn jìnnà láyé, n kò tíì rí ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà yẹn. Tó bá mọ ọ́n dé ibì kan, á mú ṣùkù àgbàdo tútù, á yí i mọ́ àmù lára, ìlà wẹ́wẹ́ á jáde, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ sí ọ̀nà kan náà.

Mosún kì í kúrò níbẹ̀. Ìyá Ìjàrẹ pẹ́ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, Mosún ló sọ ọ́ fún. Ó ní kó bu omi fún òun. Mosún fi òsì bu ú, ó rántí ara rẹ̀, ó gbé e sí ọ̀tún, ìdajì omi náà dà sílẹ̀. Ìyá Ìjàrẹ gba èyí tó kù, ó mu ún, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí àṣìṣe ṣe wọlé. Ẹnì kan wá láti Ìjàrẹ ní ìdájí pé ara àbúrò ìyá náà kò yá. Ọmọdé kankan kò tíì jí. Màmá Rẹ̀mí náà kò sí nílé, ó ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Àkúrẹ́. Ìyá Ìjàrẹ gbá yàrá rẹ̀ nítorí pé onímọ̀ọ́tótó ni. Ó ká ẹní rẹ̀ nítorí pé kò mọ̀ bóyá òun ó rí ẹní sùn lé nílé aláìsàn. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù bo àmù tó ti mọ dé èjìká, kó má baà gbẹ kí òun tó dé. Nígbà tí a lu rímù, a bá yàrá tó mọ́, a kò bá ẹní. Àmù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lọ́rùn, kò lẹ́nu. Ta ni yóò tún sọ fún wa? Àlejò ti lọ, ó ti fi ìyókù sílẹ̀.

A fún ara wa láàyè. Àgbà wa kan nínú àwọn ọmọkùnrin kọ́kọ́ gbìyànjú, ọ̀já amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn jábọ́ sínú àmù. Èmi náà gbìyànjú, tèmi tẹ̀ bí etí ajá. Amọ̀ sì ń gbẹ lọ. Ìgbà náà ni Mosún dìde, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àmù náà. Òsì rẹ̀ ló wà lóde, ọ̀tún rẹ̀ ló wà nínú, nítorí náà ọ̀nà òdìkejì ló fi ẹ̀yìn rìn gbà. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ Ìyá Ìjàrẹ ti là náà ló ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ sódì. Mo wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀ mọ́. Ọrùn àmù jáde, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó mú ṣùkù àgbàdo, ó yí i. Ìlà tirẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá wo èjìká àmù náà á rí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, bí koríko tí atẹ́gùn méjì ń fẹ́.

Ìyá Ìjàrẹ padà dé nígbà tí amọ̀ náà ti le. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó.

“Ta ló fọwọ́ kan uṣẹ́ mi?” Báyẹn ni wọ́n ṣe máa ń pe iṣẹ́ lọ́hùn-ún, bí ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ náà ṣe ń pè é.

“Èmi ni, mà,” Mosún dáhùn.

“Ṣé mo ti kú ni? Àbúrò mi ni mo lọ wò. Ẹni tó lọ wo aláìsàn, ẹ wá bá a parí uṣẹ́ rẹ̀?”

A ṣàlàyé fún un: yàrá tó mọ́, ẹní tí kò sí. Ó jókòó sílẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé ó rẹ́rìn-ín, inú bí i gan-an ni. Ọrùn tóóró ló ní lọ́kàn, tí omi á fi tutù dáadáa, ẹnu tí Mosún fún un gbòòrò. Bí a bá sì gé e kúrò, èjìká á là. Ọ̀sán pọ́n kó tó dìde. Ó fi ìka tọ ìlà Mosún, ó sì fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn gba ọ̀nà tí Mosún gbà, bóyá kó lè mọ bó ṣe rí lára. Ó tẹ ìró ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìdí jókòó gbì. Gbogbo wa sáré sí i. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti wá pa á, tòun ti ìbínú rẹ̀.

“Ẹnu rẹ̀ gbòòrò jù,” ó sọ fún Mosún nígbà tó mí kanlẹ̀ tán. “Ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹni tí ẹnu àmù bá dúró fún, amọ̀kòkò ni.”

Nígbà tí Màmá Rẹ̀mí dé, ohun tí àwa kò rò ni òun rò. Gbogbo ìjọ ló máa rí àmù náà, bàbá Mosún á sì wà láàárín wọn. Ìyá Ìjàrẹ ní òun lè fi omi amọ̀ pa ìlà òkè náà rẹ́, kí òun tún òmíràn yí. Màmá Rẹ̀mí pe Mosún, ó ní kó gbẹ́nu sí i.

“Ìwọ lo ṣe é. Ṣé ká pa á rẹ́?”

Mosún wo àmù náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Èmi tí mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ ń fi ọkàn sọ pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ má pa á rẹ́, mà,” ó ní.

A sun àmù náà nínú ọgbà, igi gbígbẹ lábẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ lókè, iná ń ta pàràpàrà, èéfín wọ irun gbogbo wa. Ó jáde pupa, ó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò là.

Ọjọ́ Ìkórè ní Oǹdó nígbà yẹn, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀nà á kún fún iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn àwọn akọrin, aṣọ funfun àwọn ìyá ìjọ, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n. Bàbá Mosún dé, bàtà rẹ̀ ń dán. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé síléètì fún ọmọ rẹ̀. Mosún fi ọ̀tún kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà náà wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà pé, Mosúnmọ́lá látòkè délẹ̀. Mo rí ojú bàbá náà, ayọ̀ wà níbẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí. Mo ní nínú ara mi pé ó ti parí, yóò dúró tì mí.

Lẹ́yìn ìsìn ni àwọn ènìyàn pé yí àmù ká láti mu omi. Ìyá àgbà kan fi ọwọ́ pa á, ó béèrè ta ló yí ṣùkù òkè yìí sódì. Bàbá Mosún wà nítòsí, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Mosún, ta ló ṣe èyí?”

Gbogbo wa lè dákẹ́. Òun náà lè dákẹ́.

“Èmi ni, bàbá mi.”

“Ọ̀tún ni fún ojú mi,” bàbá náà ní, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá, “òsì ni fún ẹ̀yìn mi.”

Màmá Rẹ̀mí dá sí i. Ó ní, “Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́, sà. Olúwa ló fún un ní méjèèjì.”

“Olúwa náà ló ní kí àgùntàn dúró lọ́tùn-ún, kí ewúrẹ́ dúró lósì, mà.”

Bí bàbá náà ṣe fi Bíbélì borí ẹni tó ń kọ́ gbogbo wa ní Bíbélì nìyẹn. Kò sì yọ̀ pé òun borí. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀ náà, omi lé sí i lójú. Kò kórìíra ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ẹ̀rù ló ń bà á.

“Ta ni yóò gba oúnjẹ lọ́wọ́ òsì rẹ̀ nílé ọkọ?” ó ní. “Ọ́fíìsì wo ni yóò gbà á? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, mà. Ilé mi lọmọ yìí yóò máa júwe láyé rẹ̀ gbogbo.”

Ó mú un lọ lọ́jọ́ náà. Bọ̀lẹ̀kájà tó ń lọ sí Àkúrẹ́ ni wọ́n wọ̀. Bó ṣe ń lọ, Mosún na ọwọ́ jáde, ó ń jù ú sí wa, òsì ni. Mo rí bí bàbá rẹ̀ ṣe fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ọwọ́ náà wálẹ̀. Mo sunkún títí n kò fi lè jẹ iyán Ìkórè, èmi tí mo fẹ́ràn iyán.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Omi ẹ̀rọ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé àmù náà sẹ́yìn, n kò mọ ohun tó dé bá a. Màmá Rẹ̀mí darúgbó, ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ilé epo ló wà níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà báyìí, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, epo bẹtiróòlù ni mò ń gbóòórùn níbi tí kòkó ti máa ń rùn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ mọ ilé ìwé aládàáni kékeré tí ọmọ ọmọ mi ń lọ ní Àkúrẹ́ níbí? Mo lọ mú un níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí ògiri tí àwọn ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀dà sí lára, pupa, búlúù, yẹ́lò. Mo bi olùkọ́ wọn léèrè ọwọ́ wo ni wọ́n ní kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní èyí tó bá wù wọ́n, mà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ débi pé ó lọ bá mi gbé àga wá, ó rò pé òòyì ń kọ́ mi.

Mosún di akọ̀wé bíi bàbá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀wé tó gún régé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó lọ́kọ, ó bímọ, kò sẹ́ni tó kọ oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ló gbà, kò sì burú fún un. Ìgbà tí a tún pàdé ní Ọjà Ọba, tí a ti di ìyá àwọn ènìyàn, mo bi í léèrè, “Òsì ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ń sùn.” Ó sọ ìtàn Oǹdó fún àwọn ọmọ rẹ̀ débi pé àkọ́bí rẹ̀, nígbà tí ilé bàbá ìyá rẹ̀ di tirẹ̀, ní òun ó fi gba àwọn ọlọ́nà lálejò. Ilé náà rèé, ẹ ń sùn nínú rẹ̀.

Ẹ ti ń wo ojú ara yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá tó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún ni, tí ẹ máa ń kí láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kò padà. Ẹ ti rí i pé kì í bá yín jẹun. Òsì ló kù tó lè fi jẹun, ojú sì ń tì í. Ọmọ rẹ̀ náà, ọmọ tó dára ni, bí ìyá rẹ̀ bá na nǹkan sí àlejò, á ti sáré sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, kò lè lo ọ̀tún mọ́ ni. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń dùn ún tó.

Láàárọ̀ yìí, mo bá a tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀ tí ẹ bò sẹ́yìnkùlé. Ó ti ṣí i. Òsì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó rí mi, ó fẹ́ yọ ọ́, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ jáde sọ́dọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí òun bá yín mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ṣé wọn ò ní máa wo òun? Ṣé wọn ò ní sọ láàárín ara wọn pé ìyá arúgbó yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi fà á gùn tó báyìí nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ dìde kí ẹ kí i dáadáa. Bó bá na ọwọ́ sí yín, ẹ fi méjèèjì gbà á, ẹ má ṣe máa wá èkejì.